Pátíkúlà mọ́tò ń ẹkispáyà lọ́dọọdún, òfin ńkọ́?

Àlájà tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí tèmi ní Ìdúmọ̀tà níbí ní agolo bisikíìtì kan tí wọ́n máa ń kó rìsíìtì sí, látìgbà tí wọ́n ti ń ta léèsì kò sí owó tí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò tọ́jú ìwé ẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan báyìí, ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọkùnrin méjì kan wọlé tàwọn ti fáìlì, wọ́n ní àwọn wá gba owó ọdún yìí, mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó rán wọn. Wọ́n já rìsíìtì fún Àlájà, Àlájà wọ awò wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá pè mí, "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí, ṣé ojú mi ni àbí báwo?" Mo gbà á. ₦100 ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé náà, dúdú kedere, wọ́n wá fi báírò búlúù fa ìlà méjì lé e lórí, wọ́n kọ ₦2,500 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò sí òǹtẹ̀, kò sí ẹni tó sáìn síbi tí wọ́n ti yí i. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ òfin tó fún wọn lágbára sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe fótòkópì ìwé náà léraléra débi pé ọdún tí wọ́n ṣe òfin ọ̀hún ti di àbàwọ́n dúdú lásán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe òfin yìí?"

Ó ní, "Àǹtí, òfin ni òfin, òfin kì í gbó. Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa."

Àlájà sanwó. Wọ́n ká rìsíìtì náà, wọ́n jù ú sínú agolo.

Òfin kì í gbó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, torí pé òótọ́ ló sọ, bí wọ́n ṣe ṣe òfin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, wọ́n á bí i, wọn ò ní dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ gbogbo nǹkan tí ìjọba fún àwa ará ìlú ló ní ọjọ́. Pátíkúlà mọ́tò, ọdún kan. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, ọdún 3 tàbí 5. Páàsípọ́ọ̀tù, ọdún 5 tàbí 10. Ẹni tó ń kó oògùn wọlé, nọ́ńbà NAFDAC tó gbà fún un, tí ọdún 5 bá ti pé ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ ọ́ di tuntun. Mi ò sì lòdì sí i o, ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì mọ́tò yẹn ṣì ń mú, bóyá oògùn yẹn ṣì jẹ́ nǹkan tí wọ́n sọ pé ó jẹ́. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ta ló ń wo bíréèkì òfin fúnra ẹ̀?

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, wọ́n ń pe ìdáhùn náà ní sunset, ìyẹn ni pé oòrùn òfin náà máa wọ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe òfin tàbí ìlànà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé tó bá di ọjọ́ báyìí ó ti kú, àfi tí ẹni tó ṣe é bá padà wá, tó ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kó máa bá ayé lọ, tó sì tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí, torí mo rí i pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, àwọn kan á rò pé wọ́n fẹ́ fòfin sílẹ̀ kí oníkálukú máa ṣe bó ṣe wù ú, àwọn kan á sì rò pé ó máa wo gbogbo ìṣòro wa sàn, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn nǹkan sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Òfin gan-an ni èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe, yálà ní Àbújá níbi tí sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú 360 wà, tàbí ní Aláùsá níbí níbi tí àwọn aṣòfin Èkó 40 ń jókòó sí. Òfin yẹn kì í sábà sọ gbogbo nǹkan tán. Ó máa ń sọ pé mínísítà tàbí kọmíṣọ́nnà tàbí àjọ báyìí lè ṣe ìlànà tó bá yẹ. Àjọ yẹn á wá jókòó sínú ọ́fíìsì, wọ́n á kọ iye tí èèyàn máa san, fọ́ọ̀mù tó máa kún, iye ọjọ́ tó máa fi dúró, ìyà tó máa jẹ tí ò bá ṣe é. Èyí tí wọ́n jókòó kọ yẹn la ń pè ní régúléṣọ̀n. Ẹ pe òfin ní ìyá, ẹ pe régúléṣọ̀n ní ọmọ, ọmọ yìí gan-an ló sì ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa. Bái-lọ́ọ̀ tiẹ̀ tún wà, ìyẹn òfin ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sákúlà àti àṣẹ ẹnu, tí wọn kì í ṣe òfin rárá àmọ́ tí wọ́n máa ń wọ aṣọ òfin rìn láàárín ìgboro, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí èyí, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ìyá bá ń bọ̀, ariwo máa ń wà, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé ìròyìn á gbé e, wọ́n lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ọmọ kì í ní irú ariwo bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ lára wa ló ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹnikẹ́ni ò sì ń béèrè bóyá iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bí i ti parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà fún sunset, ọmọ yìí ni wọ́n dojú kọ. Ní Australia, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ló sọ ọ́ pé ìlànà tí mínísítà tàbí àjọ bá ṣe, tó bá ti lé ní ọdún 10 díẹ̀, ó ti kú nìyẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin tàbí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń kú, kí gbogbo èèyàn lè mọ ìgbà tí wọ́n máa fojú sọ́nà. Ìyá ò kú níbẹ̀ o. Òfin tí pálímẹ́ńtì ṣe wà láàyè, ọmọ ló ń kú, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọmọ náà máa wà ní láti padà wá tún un bí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà lọ́dún 2020. Kò sẹ́ni tó gbé Èkó tó lè gbàgbé kónílé-ó-gbélé yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, láti aago 11, ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà nílé fún ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé wọ́n fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn ẹ̀. Ẹ rí i, ìlànà yẹn ní ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa bá a lọ gbọ́dọ̀ padà wá síwájú aráyé, kó sọ ìdí ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa wá, a mọ ọjọ́ tá a máa tún gbọ́rọ̀. Èwo wá ni ìyá tó bí ìlànà ọlọ́jọ́ 14 yìí? Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Quarantine Act ni, ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló ṣe é, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa èèyàn ní Èkó níbí. Ọmọ ò ju ọjọ́ 14 lọ, ìyá ti pé ọdún 94. Ẹ sì mọ ìyà tí òfin ọdún 1926 yẹn là sílẹ̀ fẹ́ni tó bá rú u? Ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn ₦200, tàbí méjèèjì. Náírà igba. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn a ò tíì máa ná náírà, pọ́ùn là ń ná, ọdún 1973 ni náírà dé tí pọ́ùn kan di ₦2. Nígbà tí Kòrónà dé, ₦200 ò lè ra búrẹ́dì ńlá kan. Tó bá jẹ́ pé ó ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń padà wo òfin yẹn ni, ẹnìkan ì bá ti rí ₦200 yẹn kí àjàkálẹ̀ àrùn tó ká wa mọ́.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, òfin Kòrónà tí wọ́n ṣe tiwọn, inú ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọdún 2 ló máa fi wà, àti pé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ilé aṣòfin á padà dìbò bóyá káwọn agbára inú ẹ̀ ṣì máa wà.

Àwa náà ò ṣàì ní irú ẹ̀ níbi tó ti ká wa lára. Ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999 sí abala 305. Tí ààrẹ bá kéde pàjáwìrì, tí ilé aṣòfin bá ń jókòó lọ́wọ́, ọjọ́ 2 ni wọ́n ní láti fọwọ́ sí i, tí wọn ò bá sì jókòó lọ́wọ́, ọjọ́ 10, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ò bá fọwọ́ sí i ó ti kú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, oṣù 6 péré ni. Gbogbo wa la rí i ní Rivers lọ́dún 2025, ọjọ́ 18 oṣù kẹta ni wọ́n kéde ẹ̀, nígbà tó fi di àárín oṣù kẹsàn-án ó parí, gómìnà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó wù kó jẹ́ èrò ẹ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí ti wà nínú ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí sì jẹ́ ohun ńlá, torí agbára tó le tó yẹn, wọn ò fi sílẹ̀ fún inú rere ẹnikẹ́ni.

Torí náà ẹni tó bá sọ pé àṣà òyìnbó ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó kàn ti bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀ pẹ́ ju tiwa lọ ni. Lọ́dún 1789, Thomas Jefferson tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, James Madison, pé àwọn alààyè ló ni ayé, òkú ò ní agbára lórí ẹ̀, ó ní kí òfin kọ̀ọ̀kan máa kú lẹ́yìn ọdún 19. Madison ò gbà fún un, ó rí i pé ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí dúkìá wọn ò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bá jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló ń kú bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn ọ̀hún ò tíì tán dòní. Lọ́dún 1976, ìpínlẹ̀ Colorado ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin pé kí àwọn àjọ ìjọba kan máa ní ọjọ́ ikú, ọdún tó tẹ̀ lé e Texas náà ṣe tiẹ̀. Ti Texas yìí wù mí gan-an. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ní bíi ọdún 12 méjìlá-méjìlá, àjọ kọ̀ọ̀kan máa wá jókòó síwájú wọn, wọ́n á bi í pé ṣé a ṣì nílò yín? Tí ilé aṣòfin ò bá ṣe òfin tuntun tó ní kí àjọ yẹn máa wà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Ẹ fojú inú wò ó ná, kí àjọ máa wá ṣàlàyé ara ẹ̀ fún ará ìlú, dípò kó jẹ́ pé ará ìlú ló ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ṣàlàyé fún àjọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà fi ọjọ́ sí òfin, wọn ò sì jọra. Èkíní ni èyí tá a ti ń sọ bọ̀, tí ọjọ́ bá pé ó kú. Èkejì ni pé kò ní kú, wọ́n kàn máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. A ní èyí náà nílé, owó oṣù tó kéré jù. Ọdún 2011 ni ₦18,000 dé, ọdún 8 ló fi dúró lójú kan kó tó di ₦30,000 lọ́dún 2019. Àmọ́ òfin 2019 yẹn sọ pé lẹ́yìn ọdún 5 wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọdún 5 pé ní 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n lè dì mú, wọ́n ní ẹ wo ìwé, ọjọ́ ti pé, wọ́n ṣe gbogbo wàhálà tí wọ́n ṣe, ó di ₦70,000 lóṣù keje ọdún 2024, wọ́n sì sọ ọdún 5 di ọdún 3. Ọdún 3 o! Mi ò sọ pé ₦70,000 tó jẹun. Mò ń sọ pé ọjọ́ tó wà nínú ìwé ló jẹ́ kí wọ́n rí ibi bẹ̀rẹ̀.

Àtúnyẹ̀wò tí kò ní ọjọ́ tó múná wá ńkọ́? Ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999 yẹn kan náà sí abala 73. Ó ní kí INEC máa tún àwọn àgbègbè ìdìbò yẹ̀ wò ní àkókò tí kò dín ní ọdún 10. Ẹ tún un kà dáadáa. "Tí kò dín ní." Ó sọ ìgbà tó ti yá jù, kò sọ ìgbà tó ti pẹ́ jù. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe àtúnpín kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ò tíì kọ́ ìdajì ilé tó wà ní Lẹ́kì àti Àjàh lónìí. Ìlú ti ṣí lọ, ìlà ìdìbò ò ṣí. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí olóṣèlú ní "a máa tún òfin yìí yẹ̀ wò láìpẹ́," ẹ bi í pé ọjọ́ wo, àti pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọjọ́ yẹn bá kọjá?

Mo ní mo máa padà sórí àṣẹ ẹnu. Sanitéṣọ̀n. Àwọn tó dàgbà ní Èkó mọ̀ ọ́n, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago 7 sí 10 àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn. Àwọn ọdún 1980 la ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, lásìkò War Against Indiscipline ìjọba ológun. Ìjọba ológun lọ, òmíràn dé, ìyẹn náà lọ, ìjọba alágbádá wọlé, a ṣì ń jókòó sílé. Ìmọ́tótó dára, èmi fúnra mi fẹ́ràn kí gọ́tà mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè pé òfin wo gan-an ló ní kí èèyàn má rìn? Ọdún 2015 ni kọ́ọ̀tù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò sí òfin tó fún wọn lágbára láti há èèyàn mọ́lé. Lọ́dún 2016, obìnrin kan tí wọ́n ti mú lọ́jọ́ sanitéṣọ̀n, tí kọ́ọ̀tù sì ti bu owó ìtanràn lé, gbé ẹjọ́ tiẹ̀ dé Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn, ó borí. Oṣù yẹn kan náà, oṣù kọkànlá, ìjọba Èkó fagi lé Sátidé sanitéṣọ̀n. Ó tó ọgbọ̀n ọdún! Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí kò sí ọjọ́ àtúnyẹ̀wò, ẹni tí wọ́n mú ló máa ń di olùyẹ̀wò. Ó máa san owó lọ́yà, ó máa fi ọdún rẹ̀ jìn ín, kó tó lè bi ìjọba ní ìbéèrè tó yẹ kí ìjọba ti bi ara ẹ̀. Mélòó nínú àwa tá à ń ta ọjà ló lè ṣe é?

Ní ti rìsíìtì Àlájà, kì í ṣe pé mo ní ₦100 ló yẹ kó ṣì jẹ́. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ ọjà kò lè fi owó ìgbà yẹn jẹun, owó ní láti yí. Àmọ́ òfin tí wọn ò yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì, ojú títì ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, báírò ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó mú báírò dání ló sì mọ iye tó máa kọ. Tó bá jẹ́ pé ìlànà yẹn máa ń kú ní ọdún 5 márùn-ún, wọn ì bá ti padà wá sọ fún wa pé ẹ wò ó, nǹkan ti wọ́n, ó ti di báyìí, ìdí nìyí, à bá sì ti bá wọn dúnàá dúrà ní gbangba.

Mi ò fẹ́ tan yín jẹ, ewu wà nínú ẹ̀. Nǹkan tó ń kú lọ́jọ́ tó pé kì í ṣe nǹkan burúkú nìkan. Lọ́dún 1994 Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ní káwọn èèyàn má máa ra irú ìbọn kan tó jọ tológun, wọ́n fún un ní ọdún 10, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 ó kú, wọn ò tún un ṣe, bí ìbọn ṣe padà sórí igbá nìyẹn. Ẹ wá gbé e wá sílé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì níbí, ilé ìwé wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọdé wà ní kíláàsì. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi rárá, mi ò lè kọ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn síbí. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìlànà tó sọ bí wọ́n ṣe máa yẹ ilé wò, irin tí wọ́n máa fi sí i, ẹni tó lè fọwọ́ sí i, kó kú lọ́jọ́ kan torí pé ilé aṣòfin wà ní ìsinmi, tàbí torí pé ẹnìkan gbàgbé fáìlì sínú dúrọ́ọ̀? Èmi ò fẹ́. Irú ìlànà tó jẹ́ ẹ̀mí ló ń dáàbò bò yẹn, àtúnyẹ̀wò ọlọ́jọ́ ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n má fi ikú sí i. Ìlànà owó, ìlànà fọ́ọ̀mù, ìlànà "ẹ wá gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé tábìlì síta," ìyẹn ni kó máa kú.

Àti pé ọjọ́ lè pé lójijì. Ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, lásìkò kan, ọdọọdún ni ilé aṣòfin wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo ìlànà kó lè máa wà láàyè, wọ́n sì máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 2019 àwọn ilé méjèèjì bá ara wọn jà, wọ́n sì parí ìjókòó láìfọwọ́ sí i. Ìlànà tó ju ojú ìwé 8,000 lọ, gbogbo ẹ̀ máa kú lọ́jọ́ kìíní oṣù keje. Gómìnà sáré gbé àwọn tó rí i pé ó yẹ padà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lo àyè yẹn láti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan ní gómìnà nìkan ló yan ohun tó máa yè, èmi rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ìtumọ̀. Ìdàkejì ẹ̀ náà tún wà, ibi tí wọ́n ti máa tún gbogbo ẹ̀ fọwọ́ sí láìkà á, wọ́n á kàn yí ọdún tó wà lórí ẹ̀ padà, wọ́n á ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó lówó láti ní lọ́yà ní Àbújá nìkan ló máa mọ ọjọ́ tí òfin ń kú, ẹni yẹn nìkan ló sì máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sórí ìwé gan-an, sórí rìsíìtì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára agolo wàrà, kí gbogbo wa lè rí i.

Ẹnìkan bi mí pé tí òfin bá wá kú, ẹni tó ti rú u tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ nìyẹn? Rárá. Interpretation Act wa, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe máa túmọ̀ àwọn òfin yòókù, abala 6 ẹ̀ ló dáhùn ẹ̀: tí òfin bá parí tàbí tí wọ́n bá fagi lé e, ẹ̀tọ́ tó o ti ní lábẹ́ ẹ̀ ò kú, gbèsè tó o jẹ lábẹ́ ẹ̀ ò kú, ẹjọ́ tó ti wà ní kọ́ọ̀tù á máa lọ. Torí náà ẹ má fara pamọ́ de ọjọ́ ẹkispáyà.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ṣebí wọ́n ń tún òfin kó jọ, Laws of the Federation ti ọdún 1990 wà, ti 2004 wà, Èkó náà ṣe tiẹ̀ ní 2003 àti 2015. Òótọ́ ni, àmọ́ ìkójọ nìyẹn, wọ́n ń tò ó sínú ìwé tuntun kó lè rọrùn láti rí, wọn ò bi òfin náà pé ṣé ìwọ ṣì wúlò. Quarantine Act wà nínú ti 2004, ₦200 ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Òfin ọlọ́pàá, ọdún 1943 ni wọ́n ṣe é, ó di ọdún 2020 kí wọ́n tó fi tuntun rọ́pò ẹ̀, ìkójọ ìjọba àpapọ̀ méjèèjì yẹn ló sì bá kọjá.

Mo ti ń kọ lẹ́tà kan sí aṣojú wa ní Aláùsá. Kò gùn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ìlànà èyíkéyìí tó bá ní kí ọlọ́jà sanwó, kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ọdún tó máa parí sórí rìsíìtì, kó má ju ọdún 5 lọ, kí wọ́n sì pè wá wá sọ̀rọ̀ ní oṣù 6 kó tó parí, ní ọjà níbí, ní èdè tá a gbọ́. Mo kà á fún Àlájà lálẹ́ àná lẹ́yìn tá a ti ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin, wọ́n ní kí n kọ orúkọ tiwọn náà sí i. Wọ́n wá gbé agolo bisikíìtì yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ṣí i, ó kún dé ẹnu. Wọ́n ní kí n lọ ṣe fótòkópì gbogbo ẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọn ò tíì fi báírò kọ nǹkan kan lé.